Èémí Kì Í Gbé Inú Ìgò



Ní Ìkòtún tí mò ń gbé, kò sí àìsàn tí àwọn apolówó oògùn kò ní ìgò fún. Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí ó ń mòòkùn wa yanrìn nínú ọ̀sà, pé agbo òun yóò jẹ́ kí èémí rẹ̀ pẹ́ lábẹ́ omi. Ọmọ náà sanwó. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi.

Iṣẹ́ awayanrìn kì í ṣe eré. Korobá ni wọ́n ń mú lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà, láìsí ẹ̀rọ èémí kankan. Ohun tí ó ń sọ fún wọn pé ó tó àkókò láti jáde ni carbon dioxide, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá ń mí gúlegúle kí ó tó mòòkùn ti lé ìkìlọ̀ yìí sẹ́yìn. Ó lè dákú lábẹ́ omi láìfura. Ọtí àti oògùn tí ń kun ni lóorun náà léwu bẹ́ẹ̀. Ìgò tí a kò kọ ohun inú rẹ̀ sí lára ńkọ́?

Àwọn Bajau ti Indonéṣíà jẹ́ ògbóǹtarìgì amòòkùn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé spleen wọn, ẹ̀yà inú tí ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́, fi nǹkan bí ìdajì tóbi ju ti àwọn Saluan aládùúgbò wọn lọ. Kódà, àwọn Bajau tí kì í mòòkùn ní in bẹ́ẹ̀. Àjogúnbá ni; wọn kò rà á.

N kò sọ pé oúnjẹ kò ṣe nǹkan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nílò èròjà irin, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbohùngbohùn. Fún awayanrìn, ẹnìkejì tí ń ṣọ́ ọ láti inú ọkọ̀ sàn ju ogún ìgò lọ.

Ẹ wo èdè wa: láti ara *mí* ni *èémí* àti *ẹ̀mí* ti jáde. Ẹni tí ó bá ń ta èémí, ẹ̀mí ni ó ń fi ṣòwò. Ẹ̀mí kò sì ṣeé rà lọ́jà.

Kí ni èrò tiyín? Ire o.