Ẹ Jẹ́ Kí A Tú Páálí Náà

Ọ̀ràn kan wà tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn tí ń kó mọ́tò kékeré ti Amẹ́ríkà jọ, èmi náà sì ti bá wọn jókòó pẹ́ tó láti lè sọ tèmi. Ọ̀ràn náà nìyí: bí ènìyàn bá ra páálí tí ẹ̀yà ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí láti nǹkan bí ọdún 1960, ṣé kí ó tú u kí ó sì tò ó ni, tàbí kí ó gbé e sórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé? Àwọn olówó inú wọn ń wí pé kí a má ṣe fọwọ́ kàn án. Èmi wí pé kí a tú u.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé kí ó tó gbọ́ bí ó ti rí. Wọ́n a wọn ojúlówó mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọn a sì dín in kù títí ínṣì kan lára ti kékeré yóò fi dúró fún ínṣì 25 lára ti ńlá. Chevrolet Bel Air ti ọdún 1957, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 200 ínṣì, a di ínṣì 8 péré; Cadillac ti ọdún 1959, èyí tí ìrù rẹ̀ nà sókè bí lẹbẹ ẹja, a di ínṣì 9. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ a so mọ́ ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ bí èso lórí ẹ̀ka: ẹ́ńjìnì, ìjókòó, bọ́ńpà tí a fi ohun dídán bí fàdákà bò. Abẹ ni a fi ń gé wọn kúrò, sáńpépà ni a fi ń dán ojú wọn, oje kan tí ń yọ́ ike méjì di ọ̀kan ni a sì fi ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àwa tí a mọ Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó gbẹ́ àwọn òyìnbó ìjọba àti àwọn lọ́yà sí igi kékeré, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé àgbàlagbà lè fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì jìnnà sí ilé iṣẹ́ mọ́tò gan-an. Ní ọdún 1930, ẹ̀ka Fisher Body ti General Motors dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin, wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin Napoleon ní kékeré. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí olúkúlùkù ṣe mọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ ro. Owó ẹ̀kọ́ yunifásítì ni ẹ̀bùn wọn, ìdíje náà kò sì dópin títí di ọdún 1968. Chuck Jordan, tí ó gba ipò kìíní ní ọdún 1947, ni ó di olórí àwọn tí ń ya ìrísí mọ́tò fún General Motors ní ọdún 1986. Ní ọdún 1948 ni AMT bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Ford kékeré fún àwọn tí ń ta mọ́tò, kí oníbàárà lè mú un dání. Kò sí ìyanu pé àwọn ọmọ gbà á lọ́wọ́ bàbá wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1958, AMT kó ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí ní títú, ọmọ sì lè tò ó ní ọ̀nà mẹ́ta: bí ó ti jáde láti ilé iṣẹ́, tàbí bí ó ti wu òun fúnra rẹ̀, tàbí bí mọ́tò eré ìje.

Níhìn-ín ni gbòǹgbò ìjà náà wà. Mọ́ọ̀dù irin tí a fi ń da ike wọ̀nyí wọ́n púpọ̀. Nítorí náà, bí Detroit bá ti yí ìrísí mọ́tò padà lọ́dún tuntun, wọn a mú irin ti èṣí, wọn a tún un gbẹ́, wọn a sọ ọ́ di ti ọdún náà. Ti èṣí ti lọ nìyẹn, kò tún ṣeé dà mọ́. Jo-Han, tí ó ṣe Rambler àti Oldsmobile, ti tú ká, àwọn irin rẹ̀ sì fọ́nká. Àwọn tí ń pa páálí mọ́ wá ń wí pé ẹni tí ó bá tú èyí tí ó kẹ́yìn dà bí ẹni tí ó fi ìwé àtijọ́ dáná. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kò fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé ohun tí a dì pa kò ní ṣàì gbó. Nígbà tí mo wà ní Michigan, mo ra páálí kan, mo sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 11 láìṣí i. N kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ mi gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣí i, mo bá táyà rẹ̀, tí a fi ike rírọ̀ ṣe, tí ó ti jẹ gíláàsì iwájú ọkọ̀, tí ó ti yọ́ wọ inú rẹ̀ ṣinrin. Àwòrán alẹ̀mọ́ rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ọdún 11 ni mo fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, inú ilé sì ni olè wà!

Lẹ́yìn èyí, kí ni ẹni tí kò tú páálí mọ̀ nípa mọ́tò náà? Àwòrán ẹ̀yìn páálí nìkan ni. Nígbà tí mo ń to Studebaker ti ọdún 1953, ọwọ́ mi ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi bí òrùlé rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó, ju bí ojú mi ti rò lọ. Ilé iṣẹ́ Studebaker ní South Bend sì ti kógbá sílé ní ọdún 1963, orúkọ náà kú ní ọdún 1966; Packard ti ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1958, Oldsmobile tẹ̀ lé e ní ọdún 2004. Ní Havana, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa ń gbé, mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ ṣì ń gbé èrò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti sé òwò mọ́ Kúbà ní ọdún 1962, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ti ilẹ̀ mìíràn ni ó wà lábẹ́ ìdérí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ ti jókòó, àfi kí ó to ti kékeré.

Mo gbà pé kí a kọ́kọ́ ya fọ́tò páálí àti ìwé ìtọ́ni inú rẹ̀, kí a sì pa wọ́n mọ́. Mo gbà pẹ̀lú pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dára kò gbọdọ̀ fi èyí tí ó ṣọ̀wọ́n kọ́ṣẹ́. Kí ó ra èyí tí Round 2 ń tún tẹ̀ jáde láti inú irin AMT àti MPC, ní South Bend kan náà tí mo dárúkọ lókè. Tàbí kí ó wá èyí tí ọmọdé kan ti fi oje bà jẹ́ ní ọdún 1965, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Òróró bíréèkì a máa bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Bílíìsì ìfọṣọ a máa ṣí dídán fàdákà ara bọ́ńpà. Èmi fẹ́ràn irú èyí ju ti inú páálí lọ, nítorí pé ìka ọmọ náà ṣì wà lára oje rẹ̀.

Èyí tí táyà jẹ gíláàsì rẹ̀ wà lórí tábìlì mi báyìí. Mo ti gé gíláàsì mìíràn fún un láti inú ike pẹlẹbẹ, mo sì ti kun ọ̀dà àkọ́kọ́. Ìdérí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni kò tíì bá ojú àyè rẹ̀ mu ní apá òsì. Sáńpépà ni mo fi ń rọra ha á ní alaalẹ́.