Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, Mòwé àti Ìbàfò ti jí. Ẹni tó bá fẹ́ dé Erékùṣù Èkó láìhá sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í dúró de àkùkọ. Ẹ wo obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú dánfó: ọrùn rẹ̀ ti gan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bátí. Kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, ó ti ya oògùn ẹlẹ́bu kan, ó dà á sórí ahọ́n, ó fi píọ̀ wọ́tà lé e. Bó ṣe ṣe lánàá nìyẹn.

Àwọn àgbà tó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ kò ní kí a máa jẹ̀rora. Wọ́n gbà pé orí ń fọ́, wọ́n gbà pé oògùn wà. Ìwòsàn tó burú ju àìsàn lọ ni wọ́n kọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ ọkọ nítorí ìjà ọ̀sán kan la sábà ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n lónìí, orí gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

Ìrora òwúrọ̀ kì í ṣe àròsọ. Bí a bá ti lajú, ara a máa tú èròjà kan tó ń jẹ́ cortisol sínú ẹ̀jẹ̀ láti mú wa gbára dì, á sì ga gan-an láàárín bí ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè ti payín keke mọ́jú, kó ká èjìká sókè bí ẹni tí òjò ń pa. Kó tó jí, ó ti rẹ iṣan ọrùn àti ti àgbọ̀n.

Oògùn kò lẹ́bi. Láti ọdún 1918 ni oògùn ẹlẹ́bu Alábùkún, tí ásípírìnì àti káfíìnì wà nínú rẹ̀, ti wà l'Ábẹ́òkúta. Àlòjù ló léwu. Bí èèyàn bá ń lo parasitamọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen fún ọjọ́ 15 lóṣù, tàbí oògùn tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ káfíìnì fún ọjọ́ 10, tó sì ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà lè di ohun tó ń fọ́ ọ lórí. Orí ń fọ́ ọ, ó lo oògùn. Ó lo oògùn, orí tún ń fọ́ ọ. Ká má tilẹ̀ tíì dárúkọ egbò inú, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tí ibuprofen lè tì sókè.

Àwọn onímọ̀ràn náà kò sì gbẹ́yìn níbi ká yọ àdá. "Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀." "Má ronú mọ́." Ẹni tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta, tí ẹ ní kó má ronú mọ́, orí lẹ ní kó bẹ́ yẹn.

Ohun tó ń ṣèrànwọ́ kéré lójú. Ẹ lọ aṣọ, ẹ sì ṣètò oúnjẹ sílẹ̀ lálẹ́, kí ìdájí má baà di eré àsápajúdé. Ẹ fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ọrùn, ẹ sọ èjìká kalẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀. Nínú ọkọ̀, ẹ yẹ ẹnu yín wò: ètè lè pa dé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí eyín òkè kan ti ìsàlẹ̀. Ẹ sàmì sí kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tí ẹ bá lo oògùn. Dókítà á fẹ́ rí i. Àmọ́ bí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì, tó le ju èyí tí ẹ mọ̀ rí lọ, tàbí tí ibà àti ọrùn gígan bá a rìn, tàbí tí apá kan ara kú tipiri, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí dókítà bá sì ní kí ẹ dá oògùn ojoojúmọ́ yẹn dúró, orí lè kọ́kọ́ fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rọlẹ̀. Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá padà sí kẹ́míìsì.