Ìlera Loògùn Ọrọ̀: Kí Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Má Ba À Kan

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dá lórí bí ara ṣe ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ kí ó má ba à kan, àti ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì fún ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde.

Chicago, ìlú wa yìí, ni ìtàn àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn òyìnbó. Ní ìparí ọdún 1904, Walter Clement Noel, ọmọ Grenada tí ó wá kọ́ ìtọ́jú eyín, wọ ilé ìwòsàn Presbyterian. Dókítà Ernest Irons fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, tẹ ìròyìn náà jáde ní 1910. Noel padà sí ìlú rẹ̀, òtútù àyà sì pa á ní 1916, nígbà tí kò tíì ju ẹni ọdún 32 lọ.

Kí ló pa sẹ́ẹ̀lì dòjé pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ kíkan? Ẹni tó mọ ògì mọ ohun tí kíkan jẹ́. Ẹni tó sì ń lo kán-ún mọ ohun tó ń pa kíkan. Lórí òṣùwọ̀n tí a ń pè ní pH, omi lásán wà ní 7. Bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni iye rẹ̀ ń dín kù. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 7.35 àti 7.45. Bẹ́ẹ̀ ni ara ń pèsè ásíìdì lójoojúmọ́ nínú oúnjẹ tó ń lò.

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ni Ẹlẹ́dàá fi tì í. Èkíní ni baikábọ́nétì, ìbátan kán-ún, tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló ń dá kíkan dúró. Èkejì ni ẹ̀dọ̀fóró: afẹ́fẹ́ tí a ń mí jáde a máa di ásíìdì nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kan, èémí a yára láti lé e jáde. Ẹ̀kẹta ni kídìnrín, tí ń fi ìtọ̀ da ásíìdì nù, tí ó sì ń dá baikábọ́nétì padà. Iṣẹ́ tirẹ̀ a máa gba wákàtí púpọ̀, àní ọjọ́ mélòó kan.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan, èròjà tí ń gbé ọ́síjìn inú rẹ̀ a tètè jọ̀wọ́ ẹrù rẹ̀. Ti ọmọ SS, bí kò bá ti ní ọ́síjìn mọ́, a so mọ́ra bí okùn, sẹ́ẹ̀lì a sì tẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ a dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀; ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ a tún pèsè ásíìdì sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora ṣe ń bí ìrora.

Ìgbẹ́ gbuuru a máa kó omi àti baikábọ́nétì lọ. Kídìnrín ọmọ SS kì í sì í lè ṣọ́ omi lò bí ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń tọ̀ púpọ̀, tí ó sì lè máa tọ̀ sórí ibùsùn. Ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì fi omi dù ú.

Ní ìgbà òtútù, ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru a máa gbẹ afẹ́fẹ́ ilé, ọmọ a sì gbàgbé omi. Ẹ fi lọ̀ ọ́ kí ó tó béèrè. Ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́, kí ó lè gbé ìgò omi sọ́dọ̀, kí ó sì ráàyè jáde lọ tọ̀. Ẹ má ṣe fún un ní kán-ún mu láti pa kíkan. Èèyàn kì í fojú díwọ̀n èyí. Bí ìgbóná ara rẹ̀ bá tó 101 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, tàbí tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́: ilé ìwòsàn ló kàn.

Ní Amẹ́ríkà, a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun wò fún àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sílé tí a wá mú wá síhìn-ín lè má tíì rí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Bí tiyín bá wà lára wọn, ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Ó di ìgbà mìíràn o.