Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Àwọn Olùkọ́ Kóòdù

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó lọ́wọ́ òbí ní Maiduguri pé ẹ ó kọ́ ọmọ wọn ní Python, tí ọmọ ọ̀hún kò sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú string kan tàbí to list kan rí kó tó parí ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ̀sùn kàn.

N kò gbàgbé ohun tí ìlú yìí ti fojú rí. Lóṣù kẹta ọdún 2014, wọ́n ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Borno pa nítorí Boko Haram. Lóṣù kìíní ọdún 2021, àwọn agbébọn fọ́ òpó tó ń gbé iná wọ̀lú, òkùnkùn sì gbilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau ya, omi bo apá púpọ̀ nínú ìlú. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni mo ń bèèrè.

Ẹ̀sùn kìíní ni àkọ́sórí. Ẹ kọ kóòdù sójú pátákó, ọmọ dà á kọ, ẹ fún un ní máàkì. Ó lè kà á lórí pé láti òdo ni list ti ń bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ní kó mú ẹni tó kẹ́yìn nínú orúkọ márùn-ún, names[5] ló tẹ̀. Ta ló ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ télọ̀ láìjẹ́ kó di abẹ́rẹ́ mú?

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo jù lójú mi: ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n ṣàṣìṣe. Ẹ fún ọmọ ní [2, 4, 6, 8], kó fi for yọ gbogbo nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì kúrò. Yóò retí pé kò ní í ku nǹkan kan. [4, 8] ni yóò bá níbẹ̀. Bó ti yọ 2, 4 sún wá sí àyè tí 2 fi sílẹ̀, for sì ti kọjá sí ipò kejì, ló bá fo 4. Ọmọ tó bá fi bíró tọpa èyí lórí bébà kò ní í gbàgbé rẹ̀, bébà kò sì nílò iná. Pydroid 3, áàpù tí a fi ń kọ Python, pàápàá ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwáwí wo ló kù?

Ẹ̀kẹta: "hello" àti "apple" nìkan ni ẹ fi ń kọ́ wọn. Ìlú tí ogun ti lé èèyàn wá rẹpẹtẹ, orúkọ ni wọ́n ń tò níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àlàfo kan ṣoṣo lẹ́yìn orúkọ tó láti sọ ẹnì kan di méjì. strip() lè tún ìyẹn ṣe, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé Muhammad, Mohammed àti Muhammed jẹ́ ẹnì kan. Ọpọlọ tó ti fi irú rẹ̀ dánra wò ló máa ṣe é. Ọmọ Yorùbá tó wà ní kíláàsì yín ńkọ́? Kó tẹ "ẹ̀kọ́" bí a ṣe sábà ń tẹ̀ ẹ́, kó ní kí Python kà á: márùn-ún ni yóò pè é, nítorí pé ó ń ka àmì ohùn lọ́tọ̀. Kó yí i padà láti ẹ̀yìn wá síwájú, àmì orí ẹ̀ yóò bọ́ sórí k. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí, ẹ sì fi dù ú.

Ẹ̀kẹrin kò gùn. Ẹ ń polówó AI fún ọmọ tí kò tíì mọ ìdí tí ages = ages.sort() fi fún un ní None.

Ẹ jẹ̀bi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní kíláàsì tó ń bọ̀, ẹ fún wọn ní list orúkọ ará àdúgbò wọn, kó rí wúruwùru bó ṣe máa ń rí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò ó.