Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Yín Kọ́kọ́ Mọ Awọ Ara Wa

Wọ́n ní AI ti dé, tó ń bá dókítà wo àrùn awọ ara. Ya fọ́tò, ó ti sọ ohun tó ń ṣe ẹ́. Ó dáa o. Àmọ́ ara ta ló fi kọ́ṣẹ́?

Ní 2022, àwọn olùwádìí Stanford fi fọ́tò 656 dán mẹ́ta wò nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bóyá wọ́n á dá jẹjẹrẹ mọ̀. Ti aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti ṣìṣe jù. Kò yà wá lẹ́nu. Tí nǹkan bá sú sí òyìnbó lára, ojú ibẹ̀ á pọ́n. Tiwa á túbọ̀ dúdú ni. Ẹ̀rọ tó bá ń wá pupa kiri lára ọmọ Sẹ̀kọ̀nà, á fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, á máa pa làpálàpá.

Ẹ má sọ pé kò ṣeé tún ṣe. Àwọn olùwádìí yẹn náà fi fọ́tò aláwọ̀ dúdú tún lára wọn kọ́, ìyàtọ̀ náà sì pòórá. Ẹ̀rọ ò yòpè. Olùkọ́ rẹ̀ ni ò kà wá kún.

Kí ẹ tó gbé e fún nọ́ọ̀sì wa ní Sẹ̀kọ̀nà, ẹ sọ fún wa: èèyàn dúdú mélòó ló ti rí? Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó ya wá. Ẹ jẹ́ káwọn dókítà awọ ara tiwa bá yín kọ́ ọ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e padà.