Ẹ kí onílé kí ẹ tó yọ fóònù

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ Èkó àti Ìbàdàn tó ń sọ pé a mọ Ìlá-Ọ̀ràngún, òde la bá lọ. À ń dé láàárọ̀ Sátidé, a wọ aṣọ ẹbí, a jẹun, a sáré dé Òkè-Ìlá lọ ya fọ́tò níbi omi Ayíkúnugbá. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, a ti padà sílé. Ṣebí àwọn àgbà ti sọ ọ́: ojú àlejò tóbi, kò fi ríran ni.

Kí ló wà ní Ìlá lọ́jọ́ tí kò sí òde kankan? Ìlú gan-an ló wà níbẹ̀. Alákàrà tó ti gbé epo kaná kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá tó jókòó síwájú ilé, tó máa bi yín pé ọmọ ta ni yín. Èdè Igbómìnà lẹ́nu àwọn ọmọdé, tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá máa dẹtí sí dáadáa kẹ́ ẹ tó mú un.

Ìtàn sọ pé Ogbó, àdá tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún, ló ń júwe ọ̀nà fún un, pé "Ogbó mọ̀nà" ló di Igbómìnà. Google Maps ni Ogbó tiwa. Ó lè mú yín dé ààfin, àmọ́ kò lè sọ agboolé tẹ́ ẹ gbà kọjá àti ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ kí níbẹ̀. Ẹnu lẹ máa fi béèrè ìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà níbẹ̀ mọ èyí jù wá lọ. Àlejò ni ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ ọdún mẹ́ta ni NCE, ọjà kan náà lòun àti onílé jọ ń ná. John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Amherst College ní Amẹ́ríkà, àti Fúnṣọ́ Afọ́láyan gbé odidi ìwé jáde lórí ipò ọba ní Ìlá lọ́dún 1996. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í jáde látinú ìrìn òpin ọ̀sẹ̀.

Torí náà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni fóònù. Ìyá kan ń yan gàrí nínú àgbàlá, ẹnì kan ya fídíò rẹ̀ láì kí i, ó gbé e sórí TikTok, àwọn èèyàn ń fi aṣọ ìyá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó gbé e síta ń ka like. Ìyá ò gba kọ́bọ̀, kò tiẹ̀ mọ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Mumbai, ní Íńdíà, níbi táwọn àlejò ti ń sanwó láti rìn káàkiri Dharavi, àdúgbò mẹ̀kúnnù tó kún fún amọ̀kòkò, aránṣọ àti oníṣẹ́ awọ. Àwọn kan bínú pé wọ́n ń sọ ìyà èèyàn di ìran wíwò. Reality Tours and Travel, ọ̀kan lára àwọn tó ń mú àlejò wọbẹ̀, sọ pé kí àlejò má ya fọ́tò rárá.

Tiwa náà ní òfin. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí àti ilé rẹ̀. Òfin ò sọ pé ilé tó ní géètì nìkan ni. Àgbàlá tí ìyá ti ń yan gàrí, ilé ni.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣé kì í ṣe fọ́tò ló ń polówó ìlú ni?" Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ bó ṣe fẹ́ kí ayé rí òun. Ó lè ní ká dúró kóun pààrọ̀ ìró. Ó sì lè ní rárá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá tún ń lọ, ẹ sun ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà lápò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ra ẹ̀kọ àti àkàrà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá bá. Tó bá di ọjọ́ kẹta, onílé fúnra rẹ̀ lè ní kẹ́ ẹ wá ya òun.