Kọ̀ǹpútà Wa, Kọ́kọ́rọ́ Wọn

Bí èèyàn bá ra ilé, tó sanwó rẹ̀ pé, tí ẹni tó tà á fún un ṣì ń wọlé nígbà tó bá wù ú, tó ń lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri yàrá, tó tún ń kọ orúkọ àwọn àlejò sílẹ̀, ṣé a máa sọ pé onítọ̀hún ra ilé? Rárá o. Ayálégbé ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe jẹ́ ayálégbé lórí kọ̀ǹpútà tí a fi owó oṣù àti owó àjọ wa rà. A ò sì bínú tó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Wọ́n ní ká bọ́ sórí Windows 11. Ṣùgbọ́n Windows 11 ń ṣa kọ̀ǹpútà yàn. Ó fẹ́ TPM 2.0, ó sì ní irú prósẹ́sọ̀ tó ń gbà. Tó bá jẹ́ ti Intel, tó sì dàgbà ju ìran kẹjọ tó jáde ní 2017 lọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀, wọn ò gbà á. Ẹ̀rọ náà ò bàjẹ́ o. Ó ń tàn, à ń fi tẹ̀wé, à ń fi wo fíìmù. Wọ́n kàn ní ó ti gbó ni.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí bá? Àwa ni. Ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ wo iye láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà lórí tábìlì. Èyí tí ọ́fíìsì kan ti lò sú ní òkè òkun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ project níbí, òun ni ayàwòrán àti òǹkọ̀wé fi ń jẹun. Lójú ẹni tó ń ṣòfin ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà ọdún mẹ́jọ ti di pàǹtírí. Lójú tiwa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè kúrò lè san 30 dọ́là fún ìtọ́jú ọdún kan sí i, tàbí kó gbà kí wọ́n máa kó ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Ní Yúróòpù, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà olùrajà pariwo, Microsoft sì yọ ìdè yẹn kúrò lọ́rùn wọn. Àwa ńkọ́? Ta ló pariwo fún wa?

Kì í sì í ṣe èyí nìkan. Ní 2024, wọ́n fi ìpolówó sínú Start menu Windows 11. Lọ́dún kan náà, wọ́n gbé Recall jáde, nǹkan tí yóò máa ya àwòrán ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà èèyàn léraléra. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ló máa tàn án. Adobe ní tirẹ̀ ti sọ láti 2013 pé òun ò ní ta irinṣẹ́ tuntun ní àtàpa mọ́, àfi kéèyàn máa yá a lò. Oṣù tí owó ò bá sí, irinṣẹ́ lọ nìyẹn.

Àwọn kan á ní, "Kí ló kàn wá? Ṣèbí crack la ń lò." Ẹ jọ̀ọ́, crack kì í ṣe òmìnira. Ẹni tó lo crack ṣì wà nínú ilé onílé, ó kàn gba ojú fèrèsé wọlé ni. Kò sì mọ ẹni tó bá a wọlé: ọ̀pọ̀ crack ló gbé fáírọ́ọ̀sì lẹ́yìn.

Ohun tí àwa ń sọ ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé àṣẹ rẹ̀ fún gbogbo wa láyè láti lò ó, láti wo inú kóòdù rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti pín in. Ẹ gbé Linux Mint sórí fláàṣì, ẹ fi tan láptọ́ọ̀pù tí Windows 11 kọ̀, ẹ dán an wò láì pa fáìlì kankan rẹ́. LibreOffice wà níbẹ̀ fún ìwé kíkọ. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá náà wà, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà. Tí àmì kan bá ṣòroó tẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe, láì kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá kankan.

Òótọ́ ni pé CorelDRAW tí àwọn atẹ̀wé wa ń lò kò ní ti Linux. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ ọn, a ò ní kó fi ebi para ẹ̀. Òótọ́ náà ni pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe Linux kì í ṣe áńgẹ́lì. Ní 2012, Canonical fi ọjà Amazon sáàárín ibi tí èèyàn ti ń wá fáìlì ara rẹ̀ lórí Ubuntu. Àwọn èèyàn bínú, ọ̀pọ̀ bá ẹ̀yà Linux mìíràn lọ, nígbà tó sì di 2016, ó ti di ohun tí ẹni tó bá fẹ́ ló ń tàn. Nígbà tí Oracle ra Sun ní 2010, tó sì di ọ̀gá lórí OpenOffice, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ò fọkàn tán an. Lọ́dún yẹn náà, wọ́n gbé kóòdù, wọ́n fi dá LibreOffice sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá burúkú wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n níbí, a lè kó ẹrù wa jáde.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń fìyà jẹ ejò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó bá ọ̀rẹ́ méjì ṣe tiwọn lóṣù yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì, ẹ bi ẹ̀ka yín ìdí tó fi jẹ́ Word nìkan ni wọ́n ń gbà. Iléèwé tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, kó béèrè lọ́wọ́ òǹtajà: "Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́?" Tí ìdáhùn bá jẹ́ ẹlòmíràn, kí wọ́n di owó wọn mú.